Tiransifọ́mà Là Ń Rà, A Ò Tíì Ra Iná: Ìtàn Ìmọ́lẹ̀ Nílẹ̀ Ìgbómìnà àti Ohun tó Wà Nínú Àkìtàn Wa

  

Ọ̀rọ̀ iná ni mo gbé wá. Ẹ fọkàn balẹ̀, n ò wá sunkún NEPA fún yín. A ti sun ẹkún yẹn títí, omijé ti gbẹ lójú. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, torí mo rí i pé bí a ò bá mọ ibi tí iná wa ti ń wá, a ó kàn máa dáwó lọ́dọọdún ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tiransifọ́mà wa jó. A kọ̀wé, a lọ, a bọ̀, wọ́n ní ká máa retí. Nígbà tí ìrètí pẹ́ jù, a ṣe ohun tí gbogbo yín mọ̀: orúkọ bọ́ sórí gúrúùpù, oníkálukú dáwó, àwọn tó wà lókè òkun ló san èyí tó pọ̀ jù. Tiransifọ́mà dé, a jó, a yọ̀, àwọn ọmọdé pariwo "Up NEPA!" títí ohùn wọn fi há. Kò ju oṣù mélòó kan lọ, iná di wákàtí méjì, mẹ́ta lóòjọ́. Nígbà míì, ọjọ́ mẹ́rin á kọjá láìfojú kàn án. Lọ́dún tó kọjá, tiransifọ́mà ọ̀hún tún jó, orúkọ tún bọ́ sórí gúrúùpù.

Mo ń ka orúkọ àwọn tó ti dáwó sí màmá mi létí, ni wọ́n bá bi mí pé: "Tiransifọ́mà lẹ̀ ń rà ni àbí iná?" Mo ní tiransifọ́mà ni, Mà. Wọ́n ní, "Ìkòkò náà lẹ rà lọ́jọ́sí. Ta wá ló ń se ọbẹ̀ sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló jẹ́ kí n máa bi àwọn àgbà léèrè, kí n máa ka ìwé, kí n sì máa wò yí ká. Ohun tí mo rí nìyí.

NÍGBÀ TÍ ÌHÁ Ń TAN ÌMỌ́LẸ̀

Kí ìjọba kankan tó ri òpó iná mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ìyá wa ò gbé inú òkùnkùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ìyá àgbà ṣe epo pupa rí, ẹ ó rántí. Wọ́n á se ẹyìn, wọ́n á gún un, wọ́n á fún epo rẹ̀ kúrò, ìhá á wá ṣẹ́ kù. Lójú ẹni tí ò mọ̀, ìdọ̀tí ni ìhá. Ìyá àgbà ò jẹ́ dà á nù, torí wọ́n mọ̀ pé epo ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n á sá a sóòrùn. Òun ni wọ́n fi ń dáná, òun náà ni wọ́n ń dì pọ̀ ṣe ògùṣọ̀ tí wọ́n fi ń ríran lálẹ́. Èésan tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n bá pa èkùrọ́ tán, àgbẹ̀dẹ ló ń lọ, torí iná rẹ̀ gbóná. Eérú tó kù nídìí ààrò, ọṣẹ dúdú ló ń bá wọn ṣe. Ohun tí iná ò jẹ, àkìtàn ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà á, orí àkìtàn yẹn náà sì ni tẹ̀tẹ̀, ata àti elégédé ti ń so jù.

Ẹ ò rí i pé àwọn èèyàn wa ti ń sọ pàǹtí di iná tipẹ́? Wọn ò pè é ní nǹkan bàbàrà. Ìtọ́jú ilé lásán ni wọ́n kà á sí.

Nígbà tó yá, kẹrosíìnì dé. Àtùpà mọ́lẹ̀ ju ògùṣọ̀ lọ, kì í sì í fín bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè dá àwọn ìyá wa lẹ́bi pé wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni oúnjẹ iná wa kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ wa. A ò lè pọn kẹrosíìnì lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ tí kò bá dé ọjà, òkùnkùn ni.

ODÒ ỌYA DI INÁ, BÙSÀ DI OMI

Ní 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó. Ní 1950, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó dá ECN sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀ kí wọ́n tó mọ NEPA. Àmọ́ iṣẹ́ ńlá tó kan àwa ará Kwara gbọ̀ngbọ̀n ni dáàmù Kainji. 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ìparí 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá.

Ìgbà yẹn, ìpínlẹ̀ wa ni Kainji wà. 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, Borgu sì wà nínú rẹ̀ títí di 1991 tí wọ́n gé ibẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀ Niger. Kwara gan-an, orúkọ Odò Ọya ni. Adágún omi Kainji bo ìlú Bùsà àtijọ́ mọ́lẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ kó ẹrù wọn lọ sí Bùsà Tuntun. Ẹ̀rọ iná tí wọ́n gbé síbẹ̀ lágbára 760 mẹ́gáwáàtì. Omi tó bá ti ṣiṣẹ́ tán ní Kainji tún ń ṣàn wá sí Jebba, níbi tí wọ́n ti ṣí dáàmù mìíràn ní 1985.

Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè tí ọmọdé máa ń bi àgbà: tó bá jẹ́ pé odò wa ló ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí a ò ríná? Ìdáhùn rẹ̀ ò le. Iná tó jáde ní Jebba kì í yà sílé ẹni tó sún mọ́ ọn. Inú gírídì, okùn kan ṣoṣo tí wọ́n so gbogbo Nàìjíríà mọ́, ló ń wọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bù ú fún ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn tó bá sì wà ní ìsàlẹ̀ àwo ló ń jẹ èyí tó ṣẹ́ kù. Bí okùn yẹn bá já níbì kan, gbogbo wa la jọ ń wọ òkùnkùn. Ní 2024, léraléra ló wó lulẹ̀.

Orúkọ ń yí padà ṣá. ECN àti àwọn tó ń bójú tó dáàmù para pọ̀ di NEPA ní 1972. NEPA di PHCN ní 2005. Ní 2013, wọ́n tà á fún àwọn aládàáni. Lẹ́nu àwa, NEPA náà ni.

Nígbà tí NEPA ò tó, a ra jẹ̀nẹ́rétọ̀. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà lítà kan fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kẹrin 2024, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún rí i pé owó iná wọn kúrò ní 68 náírà, ó di 225.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn yìí. Láti ìhá dé kẹrosíìnì, láti kẹrosíìnì dé Kainji, láti Kainji dé jẹ̀nẹ́rétọ̀, oúnjẹ iná wa ń jìnnà sí wa ni. Ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí i, àṣẹ tí a ní lórí rẹ̀ ń dín kù. Ohun tí màmá mi ń sọ gan-an nìyẹn.

GÁÀSÌ TÓ Ń JÁDE LÁTI ARA OHUN TÓ Ń JẸRÀ

Ẹ jẹ́ ká wo àkìtàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1776, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì kan, Alessandro Volta, fi igi ro ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Maggiore, ó gba afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde, ó ṣáná sí i, ó sì gbiná. Ní 1895, wọ́n ti ń fi gáàsì tó jáde láti inú kòtò ẹ̀gbin tan iná òpópónà ní ìlú Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé nǹkan àná ni.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ rí. Bí ẹ bá kó ìgbẹ́ ẹran, èèpo iṣu, oúnjẹ tó ti kan àti èso tó ti rà sínú kòtò tàbí tánkì tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, tí ẹ pò ó mọ́ omi, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, gáàsì ń jáde. Ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni gáàsì tó ń jó. Ẹ fi ọ̀pá gbà á wá sí ilé ìdáná, iná aláwọ̀ búlúù ló máa jó, kò ní èéfín. Omi ẹrẹ̀ tó bá ti jáde lódì kejì tánkì, ajílẹ̀ gidi ni fún oko.

Ta ló ti ṣe é nítòsí wa tó sì dúró? A ní Àjàṣẹ́ Ìpo nílẹ̀ wa. Àjàṣẹ́ kejì wà ní orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ibẹ̀ ni àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ti dá Songhai sílẹ̀ ní 1985. Hẹ́kítà ilẹ̀ kan ni ìjọba Benin fún un, ilẹ̀ tó ti ṣá. Ohun tó ṣe níbẹ̀ jọ ti ìyá àgbà: kò sí ohun tó dà nù. Ìgbẹ́ ẹran àti ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́ ń lọ sínú tánkì gáàsì. Gáàsì ń lọ sí ilé ìdáná. Ajílẹ̀ tó kù ń lọ sí oko àti odò ẹja. Ìdí táko àwọn ohun ọ̀gbìn ń bọ́ ẹran, ẹran tún ń ya ìgbẹ́. Títí dòní, àwọn ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà ń lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ọ̀mọ̀wé Joseph Adelegan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo odò ẹran Bódìjà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ti ń ṣàn wọ odò. Wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Cows to Kilowatts, láti sọ ẹ̀gbin yẹn di gáàsì àti ajílẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Thailand bá wọn lọ́wọ́ sí i, ètò náà sì gba ẹ̀bùn SEED láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé ní 2005.

Ẹ má lọ jìnnà. Nínú Òmù-Àrán wa níbí, ní Yunifásítì Landmark tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, àwọn olùwádìí ti gbé ìwé jáde tí gbogbo ayé ń kà lórí bí a ṣe lè rí gáàsì láti ara ìgbẹ́ adìẹ, èèpo ẹ̀pà, èèpo ìbẹ́pẹ, àti jogbo, ewé olódòdó yẹ́lò tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Ìmọ̀ yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àmọ́ àwa ń retí kí wọ́n gbé e wá láti òde.

ẸJẸ́ KÁ SỌ ÒÓTỌ́ FÚNRA WA

N ò fẹ́ ta ọjà ìrọ́ fún yín. Màlúù kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lè ya ìgbẹ́ bíi kílò mẹ́wàá lóòjọ́. Gáàsì tí ìyẹn máa mú wá kò ju ìdá mẹ́ta kúbíìkì mítà kan lọ. Ilé ẹni márùn-ún sí mẹ́fà nílò tó kúbíìkì mítà kan tàbí kan àbọ̀ láti fi dáná lóòjọ́. Nítorí náà, màlúù mẹ́rin ló lè bọ́ ààrò ilé kan, èèpo iṣu ilé ẹyọ kan ò lè dá a ṣe. Màlúù tó ń jẹ̀ kiri inú igbó kò sì ní bá wa kó ìgbẹ́ jọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí pàǹtí ti ń kóra jọ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí irú nǹkan yìí wà: odò ẹran, oko adìẹ, ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, ilé ìwé tó ní ọmọ púpọ̀, ọjà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan máa ń kan jù, ó máa ń pa àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́, àfi kí wọ́n pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran. Tánkì ń mu omi, a sì mọ bí omi ṣe ń wọ́n nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, gáàsì á rọra máa jáde. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ohun tó ń mú un rùn yẹn sì ń jẹ irin, a gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ kúrò kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Gáàsì ni, ó lè gbiná, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ ló gbọ́dọ̀ wà. Ìdáná ló sì yẹ ẹ́ jù. Bí a bá fẹ́ fi yí jẹ̀nẹ́rétọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ á di ooru lásán.

Nípa nylon àti ike, wọn kì í jẹrà, wọn ò gbọ́dọ̀ wọ tánkì. Ní Addis Ababa, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní 2018 tó ń sun pàǹtí ìlú láti fi mú iná wá, àmọ́ pàǹtí ìlú ẹlẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà èèyàn nìyẹn. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń ṣe báyìí, tí a ń sun nylon lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń fa èéfín rẹ̀ símú, ìyẹn ò tan iná, àìsàn ló ń dá.

Fún ìmọ́lẹ̀, oòrùn ló yá jù. Ní abúlé Gbamu-Gbamu ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí okùn NEPA ò dé, wọ́n gbé sólà 85 kílówáàtì kalẹ̀ ní 2018 fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn tó ń ràn níbẹ̀ kò tó tiwa. Láti 2023 sì ni òfin iná tuntun ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ṣètò iná tirẹ̀, ká má ṣe máa sọ pé Àbújá ló di wá lọ́wọ́.

TA NI ÀWÒRÒ RẸ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù rè é. Ẹ̀rọ kọ́ ni ìṣòro wa. Ẹ wo dáàmù Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta. Wọ́n ṣí i ní 1983, wọ́n gbé ẹ̀rọ iná mẹ́ta sí i, 9 mẹ́gáwáàtì lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà níbẹ̀ láìtan gílóòbù kan ṣoṣo. Owó ti wọlẹ̀, ẹ̀rọ ti dé, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ wá wo Ẹ̀sìẹ́. Ère òkúta tó ju 800 lọ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí òyìnbó alábòójútó ilé ìwé kan, Ramshaw, ròyìn wọn fún ìjọba ní 1933, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá. Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kí ló pa wọ́n mọ́ kí ìjọba tó dé? Àwòrò ni. Ẹnì kan wà tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun ni ìlú máa bi. Ohun tí kò bá ní Àwòrò, koríko ló máa bò ó.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa. N ò ní ká má ra tiransifọ́mà mọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dáwó mìíràn lórí ohunkóhun tó jẹ mọ́ iná, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta ní gbangba lórí gúrúùpù. Èkíní, níbo ni oúnjẹ iná yìí á ti máa wá lójoojúmọ́? Èkejì, ta ni Àwòrò rẹ̀, èló ni a ó sì máa san fún un lóṣù? Ẹ̀kẹta, owó wo la yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún kẹta, nígbà tí fọ́tò ìṣíde bá ti di ti àtijọ́?

Bí a bá rí ìdáhùn, ìmọ̀ràn tèmi ni ká bẹ̀rẹ̀ kékeré. Tánkì gáàsì kan nítòsí odò ẹran tàbí ibi tí àwọn ìyá ti ń yan gààrí, kí iná rẹ̀ máa yan gààrí, kí ajílẹ̀ rẹ̀ máa lọ sóko. Sólà ní ilé ìwòsàn, kí àwọn ìyá má bàa máa bímọ nínú ìmọ́lẹ̀ fóònù. Garawa méjì ní ilé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, ọ̀kan fún nylon. Kí a sì lọ bá àwọn olùwádìí tó wà ní Òmù-Àrán lálejò, ká bi wọ́n pé kí ni wọ́n lè bá wa ṣe. Ìrìn wákàtí méjì kò pọ̀ jù fún ẹni tó ń dáwó láti Lọ́ńdọ̀nù.

Wọ́n ní ogbó tí Ọ̀ràngún mú dání ló ń fọ̀nà han àwọn baba wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní Ìgbómìnà: ogbó mọ̀nà. Àwọn tó mú ogbó yẹn dání ò dúró kí ẹlòmíràn wá la igbó fún wọn.

Màmá mi ti dá tiwọn sí tiransifọ́mà náà o, ẹ má rò pé wọ́n kọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n bá wọn béèrè lọ́wọ́ yín, ta ló ń se ọbẹ̀? Mo ti jíṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìdáhùn, gúrúùpù ń retí yín.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà á tura o. Ìmọ́lẹ̀ ò ní kú mọ́ wa lójú. Àṣẹ.